Ta Ni Yóò Gba Afẹ́fẹ́ Lórí Bàbá?

Òótọ́ ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo fi irin búra. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí irin kẹ̀kẹ́ mi kán mọ́ mi nídìí láàárín ọjà, níbi tí gbogbo àwọn tí mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí yóò ti pé jọ láti fi èmi náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n kí irin má tíì yára. Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́ látòkèdélẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fẹ́, kò sí àní-àní. Bàbá inú rẹ̀ wà láàyè, ó sì jẹ ẹ̀bà yó lánàá. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú ìtàn náà tí mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan lẹ́bàá ọ̀dàn, tó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n pín lẹ́tà. Orí kẹ̀kẹ́ ló ti ń pín in. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi dẹ́kun lẹ́tà kíkọ, ṣùgbọ́n òun kò dẹ́kun kẹ̀kẹ́ gígùn. Tọmọdé tàgbà ló ń pè é ní Bàbá Onílẹ́tà.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, Bàbá Onílẹ́tà àti àwọn mẹ́ta kan máa ń gun kẹ̀kẹ́ jáde lọ ṣeré. Wọn kì í lọ sóko, wọn kì í lọ sọ́jà, ẹnikẹ́ni kò sì rán wọn níṣẹ́. Ìgbádùn lásán ni. Àwọn ará ìlú kò lóye rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ẹ ò lọ síbì kankan, ẹ wá ń làágùn báyìí?"

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà jẹ́ télọ̀, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Èkejì jẹ́ tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ẹ̀kẹta jẹ́ nọ́ọ̀sì, obìnrin tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni àfi ìyá ọkọ rẹ̀. Kò sí èyí tó tíì pé ogójì ọdún nínú wọn. Bàbá ti lé ní àádọ́rin.

Òfin kan wà láàárín wọn tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Àgbà ló ń ṣíwájú. Bí Bàbá bá gùn, wọ́n á gùn. Bí Bàbá bá sọ̀, wọ́n á sọ̀. Kò sí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé tí yóò ya bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lójú títì, tí yóò máa da eruku sí i lójú. Bàbá náà kò jẹ́ gbà fún wọn. Iwájú ni àyè rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n oṣù méjì ni ojú ti ń ti Bàbá. Ní àkọ́kọ́ nínú wọn, iṣan ẹsẹ̀ fà á lójú ọ̀nà, ọkọ̀ tó kó ẹ̀gẹ́ ló gbé òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wálé. Orí ẹ̀gẹ́ ló jókòó sí wọ̀lú, ó ń fi ọwọ́ kí àwọn èèyàn bí ẹni tó wá dúpẹ́ oyè. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, àárẹ̀ mú un, ọkọ̀ tó kó adìyẹ ló gbé e. Ìyẹ́ adìyẹ wà lórí fìlà rẹ̀ nígbà tó wọlé.

Ìbídùn, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ ìyẹ́ náà kúrò lórí fìlà, ó ní:

"Bàbá, ẹ̀gẹ́ gbé yín wálé, mo dákẹ́. Adìyẹ gbé yín wálé, mo dákẹ́. Bí ọkọ̀ bá tún já yín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yìí, àwọn tó ń ra irin àtijọ́ ni yóò wá gbé kẹ̀kẹ́ yẹn lọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé òkú yín wá bá mi lọ́jọ́ kan."

"O ti sọ tìrẹ."

"Ẹ gbà, àbí ẹ ò gbà?"

Bàbá wo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ níbi tó fara ti ògiri. "Mo gbà," ló wí.

Ẹni tó bá mọ Bàbá Onílẹ́tà mọ̀ pé kì í yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ìgbà kan wà tó wọ odò dé àyà nítorí lẹ́tà ẹyọ kan, orí fìlà ni lẹ́tà náà wà kí omi má bàa kàn án. Bó bá ti lè gbà, ó parí. Ìrìn Sátidé tó kàn ni yóò sọ bóyá kẹ̀kẹ́ náà yóò wà lára ògiri yẹn mọ́.

Sátidé náà bọ́ sínú ọyẹ́. Ètè gbogbo èèyàn ti sán. Afẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí, ó ń gbá ewé gbígbẹ káàkiri àgbàlá bí ìyàwó ilé tí inú ń bí. Ìbídùn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ọwọ́ mọ́ àyà.

"Ọyẹ́ yìí náà lẹ fẹ́ jáde sí?"

"Ọyẹ́ kò gun kẹ̀kẹ́ mi rí," ni Bàbá wí, ó sì lọ.

Adágún ńlá kan wà ní máìlì méjìdínlógún sí ìlú wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n bọ́ sójú títì tí Bàbá fi mọ̀ pé ọjọ́ òun lọjọ́ náà. Kẹ̀kẹ́ ń sáré bí ẹni pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni gbogbo ọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wúwo. Orúnkún rẹ̀ kò pariwo. Ó kọjá lára ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti òdìkejì, tó tẹ̀ kọdọrọ, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, Bàbá sì káàánú fún un nínú ọkàn rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ ayé òde òní kò lágbára.

Télọ̀ ń pariwo lẹ́yìn. "Bàbá, ẹ rọra o! Ẹ máa pa wá! Ẹsẹ̀ yín yìí, ṣé ẹ yá a ni?"

"Àtọdúnmọ́dún ni," ni Bàbá dáhùn, kò bojú wẹ̀yìn. "Lẹ́tà ló fi lágbára."

"Ẹ bá wa bẹ lẹ́tà náà, kó kọ sí àwa náà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá ti ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún Ìbídùn lálẹ́. Kò wo koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ibi tí òun dojú kọ ni gbogbo koríko náà dojú kọ, wọ́n tẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń kúnlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń tì í lẹ́yìn, ó rò pé ẹsẹ̀ òun ni.

Wọ́n sun iṣu létí adágún, wọ́n fi epo jẹ ẹ́. Nọ́ọ̀sì sọ ìtàn ìyá ọkọ rẹ̀, Tíṣà rẹ́rìn-ín títí iṣu fi há a lọ́fun. Bàbá na ara lábẹ́ igi, ó sùn díẹ̀. Nígbà tó jí, inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n yí orí kẹ̀kẹ́ padà sílé.

Afẹ́fẹ́ tó ti ń tì wọ́n bí ọ̀rẹ́ láti àárọ̀ ti dúró dè wọ́n lójú ọ̀nà bí onílé tí kò fẹ́ àlejò. Ó gbá Bàbá lójú. Ó gbá a láyà. Ó wọ inú agbádá kékeré tó wọ̀, ó wú u bí àpò ẹlùbọ́. Bàbá tẹ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀, kẹ̀kẹ́ rìn díẹ̀, ó fẹ́ dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà náà ló wo koríko, ó sì rí i pé òun ni gbogbo wọn ń kúnlẹ̀ fún báyìí, pé afẹ́fẹ́ ló ti ń tẹ̀ wọ́n láti àárọ̀. Ó rántí ọ̀dọ́mọkùnrin tó tẹ̀ kọdọrọ. Ó dùn ún pé òun káàánú rẹ̀ lọ́nà òdì.

Ó wà níwájú síbẹ̀. Àwọn mẹ́ta náà tò tẹ̀lé e ní ìlà kan. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé ìrìn náà kò le fún wọn rárá. Télọ̀ ń kọrin. Eruku kò kàn wọ́n. Àyà Bàbá ni afẹ́fẹ́ ti ń yà, kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Bàbá ń rọra gbádùn ọ̀nà," ni Télọ̀ wí. "Àgbà kì í kánjú."

Bàbá gbọ́ ọ. Kò dáhùn, nítorí kò ní èémí tí yóò fi dáhùn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka òpó iná. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, títí dé òpó yẹn péré. Bó bá dé ibẹ̀, á tún mú òpó mìíràn. Òpó náà ń jìnnà síra wọn sí i, bí ẹni pé ẹnì kan ń wú wọn lọ síwájú.

Nọ́ọ̀sì rí i pé ẹsẹ̀ Bàbá ń gbọ̀n. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbé e mì. Báwo ni ó ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tó tó bàbá òun pé ó ti rẹ̀ ẹ́? Tíṣà ti ṣírò rẹ̀ lórí pé bí wọ́n ṣe ń rìn yìí, wọn kò ní dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Òun náà pa ìṣirò mọ́nú. Télọ̀ yí orin padà, ó fi orúkọ Bàbá sí i. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún un, ó sì ń kú lọ níwájú wọn.

Ọkọ̀ kan dé láti ẹ̀yìn, ó rọra dúró. Màlúù ló kó. Dẹ́rẹ́bà yọ orí jáde.

"Bàbá, ẹ kú afẹ́fẹ́ o! Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yẹn wá. Àyè ẹnì kan wà láàárín màlúù."

Bàbá wo màlúù. Màlúù wo Bàbá. Àyè wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sì sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́, adìyẹ, màlúù: ó rí bí Ìbídùn yóò ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí kò ní sọ ohunkóhun, tí yóò kàn wọlé lọ pe ẹni tó ń ra irin. Ó rí ògiri náà láìsí ohun tó fara tì í.

"A dúpẹ́ o," ló wí. "Mò ń ṣeré ni."

Ọkọ̀ lọ. Òpó mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n bá ìyá arúgbó kan tó ru igi ìdáná, tó ń lọ sí ibi tí wọ́n ń lọ. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ láti kí i. Kì í kọjá lára àgbà láìkí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, àní bó bá jẹ́ ewúrẹ́ ló rí, ì bá sọ̀ kalẹ̀ kí i.

"Ẹ kú ìrìn o, ìyá."

"Ẹ kú eré o. Ṣé dáadáa ni?"

Kí wọ́n tó kí ara wọn tán, Télọ̀ ti fò sọ̀ kalẹ̀. Ó gba igi lórí ìyá náà, ó dì í mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ ìyá, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e. Kí ni wọ́n máa sọ pé a kọ́ nílé bí àgbà bá ń rẹrù tí a sì ń wò ó?"

Ìyá náà súre fún un. Lẹ́yìn náà ó wo Bàbá. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti pọ́n fún eruku, ètè rẹ̀ ti ya, omi ń jáde lójú rẹ̀. Ó wá wo àwọn mẹ́ta tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ojú ẹ̀yin ọmọ yìí mà mọ́ o," ló wí. "Ṣé eruku bàbá yín yàtọ̀ sí tiyín ni? Ta ló ń ṣíwájú?"

"Bàbá ni o," ni Télọ̀ dáhùn tayọ̀tayọ̀. "A kì í ṣíwájú àgbà. Ọ̀wọ̀ la fi ń wọ̀ wọ́n."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí mú. "Ẹ ò mọ̀ mí rí, ẹ gba igi lórí mi. Bàbá yín tí ẹ mọ̀, ẹ di afẹ́fẹ́ lé e lórí, ẹ ń kọrin tẹ̀lé e. Nígbà tí ọkọ mi wà láyé, òun ló ń ṣíwájú mi bọ̀ láti oko lásìkò ọyẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Èmi á rọra wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ á máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Afẹ́fẹ́ kì í ṣe ẹrù ni?"

Télọ̀ wo ilẹ̀.

"Kò rẹ̀ mí," ni Bàbá wí.

"Bàbá, ẹsẹ̀ yín ń gbọ̀n," ni Nọ́ọ̀sì wí.

"Òtútù ni."

"Nínú oòrùn yìí, Bàbá?"

Bàbá wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an. "Ẹ fẹ́ kí n wà lẹ́yìn bí ẹrù tí ẹ dì mọ́ kẹ̀kẹ́. Láti ìlú yìí dé ìlú yẹn, èmi ni mo kọ́ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́nà. Kí àwọn èèyàn wá rí mi lẹ́yìn yín?"

Nọ́ọ̀sì sún mọ́ ọn. "Bàbá, nígbà tí ọba bá ń jáde, ṣé ọba ló ń ṣíwájú? Àwọn ìránṣẹ́ ló ń ṣíwájú, wọ́n ń la ọ̀nà. Ọba ń bọ̀ lẹ́yìn wọn."

Bàbá rò ó. Ó fi ọwọ́ nu irùngbọ̀n. "Ọba ló ń sọ ìgbà tí ìránṣẹ́ máa ṣí nípò."

"Ẹ̀yin náà ni ẹ ó sọ ọ́. Aago wà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ yín. Bí ẹ bá ti lù ú, ẹni tó wà níwájú á bọ́ sẹ́yìn, ẹlòmíràn á gba afẹ́fẹ́."

Bàbá gbé ojú sókè, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti etí adágún.

Wọ́n sin ìyá dé ilé rẹ̀, kò jìnnà. Nígbà tí wọ́n tún gun kẹ̀kẹ́, Tíṣà bọ́ síwájú, Bàbá bọ́ sẹ́yìn gbogbo wọn. Ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ti ilẹ̀kùn. Ariwo tó wà létí rẹ̀ láti ọ̀sán dákẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó lu aago, Tíṣà bọ́ sẹ́yìn, Nọ́ọ̀sì gba iwájú. Ó tún lu aago, ó kan Télọ̀.

Òpó mẹ́wàá kọjá. Ogún òpó kọjá. Aago kò dún.

"Bàbá!" ni Télọ̀ pariwo, eruku ti kún un lẹ́nu. "Bóyá ẹ ti gbàgbé aago o!"

"Aago ń sinmi."

"Bàbá, mo ti ń kú lọ!"

"Kọrin tó o kọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ rẹ yìí, ṣé o yá a ni?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín débi tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi fẹ́ wọ koríko.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n wọ̀lú. Ìbídùn wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń tẹ́tí sí ìró ọkọ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Ó rí Tíṣà, ó rí Nọ́ọ̀sì, ó rí Télọ̀, ojú gbogbo wọn pọ́n bí ìkòkò tuntun. Kò rí bàbá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ lé orí. Nígbà náà ni aago dún lẹ́yìn wọn, kiringín, kiringín.

"Ọkọ̀ tó gbé yín wá dà?" ló béèrè.

"Sún mọ́bí, kó o fọwọ́ kan táyà."

Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kàn án. Ó gbóná. Ó kàn wọlé lọ bu omi wá fún gbogbo wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá rí i pé ẹnì kan ti fi òróró pa ṣéènì kẹ̀kẹ́ òun níbi tó fara ti ògiri. Kò béèrè ẹni tó ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ilé tiyín náà wà lójú ọ̀nà yẹn. Ẹnì kan ló máa ń wà níwájú nínú gbogbo ẹbí: bàbá, tàbí àkọ́bí, tàbí ìyá kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní òpómúléró. Wọ́n ń kí i, wọ́n ń kọrin tẹ̀lé e, ojú wọn sì mọ́. Bí ẹ bá wà lẹ́yìn, tí eruku kò kàn yín, ẹ má pè é ní ọ̀wọ̀ títí ẹ ó fi wo ẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú. Ọmọ tó mọ ẹrù igi gbà lórí àgbà, kó mọ ẹrù tí ojú kì í rí gbà pẹ̀lú.

Irin ti ń wò mí. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Kò sí ìyá onígi kankan lójú ọ̀nà yẹn. Èmi ni mo fi í síbẹ̀, èmi náà ni mo di igi lé e lórí, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó bá mi sọ ọ́. Ti màlúù, òótọ́ ni, mo tún fi irin búra.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ màlúù lọ, Bàbá Onílẹ́tà sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá òpó kan. Ó yí ojú rẹ̀ tó kún fún eruku sí àwọn mẹ́ta náà, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ó rẹ̀ mí. Ẹ bá mi gba afẹ́fẹ́ yìí." Ó sọ fún mi pé nínú gbogbo máìlì ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn ló wúwo jù lọ. Bí mo bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Àgbàlagbà tó la ẹnu rẹ̀ sọ pé ó rẹ òun, lójú àwọn ọmọ tó ń fi orin yìn ín lọ́wọ́! Ìyá onígi rọrùn fún yín láti gbà gbọ́ jù ú lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà níwájú, tí afẹ́fẹ́ ń gbá lójú, tí ẹ ń wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bóyá ìyá kan yóò yọ tí yóò bá yín sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín: kò ní yọ. Inú ìtàn mi nìkan ló wà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ fúnra yín.